Èjìká Dé Ilẹ̀

Ọkùnrin tí ó wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìránṣọ Májẹ́kódùnmí ní Ring Road, ó ní kí wọ́n bá òun rán sùtánà méjì, irú èyí tí wọ́n máa ń rán fún òun.

Àbẹ̀ḿbí béèrè ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ̀n kẹ̀?" Ọkùnrin náà wò ó. "Ọdún mọ́kànlá ni Bàbá Jésùtóbi fi rán aṣọ àdúrà fún mi. Wọn ò wọ̀n mí lẹ́ẹ̀mejì rí. Ẹ ṣáà wò ó nínú ìwé."

Kò sí ìwé kankan. Adéyẹmọ Májẹ́kódùnmí, ọkọ Àbẹ̀ḿbí tí wọ́n ń pè ní Bàbá Jésùtóbi, kò kọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láyé rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti dúró níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo rẹ̀ ti wọ orí rẹ̀ nìyẹn: gígùn apá, ìbú àyà, èjìká ọ̀tún tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti òsì lọ. Nígbà tí wọ́n sì gbé e lọ sí itẹ́ òkú, ó kó gbogbo rẹ̀ dání lọ. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá lórí ìyẹn. Àbẹ̀ḿbí ti gbà pé òun kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ohun tí kò tíì lè gbà ni pé iṣẹ́ rẹ̀ náà yóò dákẹ́.

Ọkùnrin náà lọ, kò sì padà wá. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń lọ nìyẹn láti ìgbà náà. Nínú télọ̀ mẹ́jọ, mẹ́ta ti wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ẹnì kan tí ń ta fóònù fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àbẹ̀ḿbí ti kàwé. Tíṣà wọn níbẹ̀ máa ń mú kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo òdòdó tí ó bá hù lọ́gbà sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó hù àti ọjọ́ tí ó rọ. Nígbà tí ó fẹ́ Adéyẹmọ tí ó sì bá a wọ ìjọ Aládùúrà, ó máa ń fi ìyẹn bá a ṣàwàdà pé bí òun bá jẹ́ télọ̀, òun ì bá kọ gbogbo ọrùn tó wà n'Íbàdàn sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ a fi ìka kan orí ara rẹ̀, a ní, "Ó wà níbí." Àbẹ̀ḿbí a sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

Báyìí, kò sí ẹni tí yóò fi í sílẹ̀ fún mọ́.

*

Ilé búrẹ́dì kan ní Challenge ni wọ́n ti júwe Suhail fún un. Tẹ́lẹ̀, ìméfò ni wọ́n fi ń pín búrẹ́dì sí àdúgbò níbẹ̀, búrẹ́dì líle a sì máa padà wá bí ìgbà tí ogun bá lé e. Suhail fi oṣù méjì ṣe àkọsílẹ̀ iye tí ó ń lọ sí òpópónà kọ̀ọ̀kan àti iye tí ó ń padà. Ó rí i pé ọ̀sẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ ilé, Agbowó kì í jẹ ju ìdajì búrẹ́dì tí wọ́n ń kó lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n Mọ́kọ́là kì í jẹ́ kí ó kù rárá. Láti ìgbà náà, kò sí búrẹ́dì líle mọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Suhail, ó tó ẹni ọdún márùndínlógójì, ó sì ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Bódìjà tí ó ti ń bá àwọn oníṣòwò kó iṣẹ́ wọn sórí ẹ̀rọ. Ó jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan.

"Kí lẹ máa ń mọ̀ nípa oníbàárà kan, mà?"

"Orúkọ rẹ̀," ni Àbẹ̀ḿbí wí. "Ìjọ rẹ̀. Oyè rẹ̀ nínú ìjọ, torí pé oyè ló ń sọ irú àmùrè tí yóò dì. Bó bá jẹ́ ahun, a máa ń mọ ìyẹn náà."

"A máa kọ gbogbo rẹ̀, àfi ahun."

Bàbá Àkànó gbọ́ ọ láti ìdí tábìlì tí ó ti ń gé aṣọ. Òun ni olórí àwọn télọ̀, ó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin, ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù náà ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ni ó ti wà níbẹ̀. Kò gbé ojú sókè kúrò lára aṣọ.

"Álífà, wọ́n ní dátà lo fẹ́ kó wá fún wa. Dátà tí èmi mọ̀ lèyí tí ọmọ mi máa ń ní kí n rà sórí fóònù fún òun. Kì í pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi ń tán."

"Eléyìí kì í tán, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń lò ó ni yóò máa pọ̀ sí i."

"A jẹ́ pé ayédèrú ni."

Suhail rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ. Ó ṣàlàyé pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan yóò ní ojú ewé tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ: nọ́ńbà fóònù, ìwọ̀n, aṣọ tí wọ́n ti rán fún un, ẹni tí ó wọ̀n ọ́n àti ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bàbá Àkànó fúnra rẹ̀ ni ó pe àwọn ìwọ̀n tí wọ́n nílò fún un, tí ó ń pè wọ́n bí ẹni ń ka ìwé Orin Dáfídì lórí: ọrùn, èjìká, àyà, apá, èjìká dé ilẹ̀.

"Tí o bá wọ̀n ọ́n dé ilẹ̀ tán, yọ íǹṣì mẹ́ta, kí aṣọ lè jókòó sí ọrùn ẹsẹ̀. Ó parí."

Suhail kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àbẹ̀ḿbí ni ó fi ohun kan kún un. Ó ní aṣọ tí ó bá padà wá fún àtúnṣe, kí ẹ̀rọ máa béèrè ohun tí ó gbé e padà. Suhail kọ́kọ́ rò pé kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Àwọn oníbàárà àtijọ́ tí Àbẹ̀ḿbí pè lórí fóònù wá fún ìwọ̀n, wọ́n sì rí i pé wọn kò tún ní dúró fún téèpù mọ́ títí ayé. Ẹ̀rọ fi hàn wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìkórè ni aṣọ ọmọdé máa ń pọ̀ jù lọ, wọ́n sì ra aṣọ funfun sílẹ̀ kí ó tó wọ́n. Ìyá kan wà ní Kánádà tí ó ń gba sùtánà láti Ring Road láìfi ẹsẹ̀ tẹ Ìbàdàn. Méjì nínú télọ̀ mẹ́ta tí ó lọ ni ó padà wá. Bàbá Àkànó kò yin ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka ṣí i.

Àsìkò yìí ni Alàgbà Akínbíyì, alákòóso ètò ní Ìjọ Aládùúrà Orísun Ìtùnú, gbé iṣẹ́ tí ó tóbi jù dé. Àwọn ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ láti ìjọ mọ́kànlá ni wọn yóò fi òróró yàn ní ọjọ́ Ìsinmi kan náà, tọkùnrin tobìnrin, láti Agbowó títí dé Apáta àti Mọ́níyà. Ó fẹ́ kí gbogbo wọn wọ sùtánà tuntun.

"Tí eléyìí bá dára," ni Alàgbà wí, "ẹ̀yin lẹ ó máa ṣe é lọ́dọọdún. Tí kò bá dára, Ìyá Jésùtóbi, n ò ní lè gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀."

Àbẹ̀ḿbí mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, ìjọ mọ́kànlá ni yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní rí iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Méjìléláàádọ́ta nínú wọn ni ó ráyè wá sí Ring Road, Bàbá Àkànó sì wọ̀n wọ́n. Fún àwọn méjìléláàádọ́fà tí ó kù, Suhail fi líǹkì ránṣẹ́ sí àwọn akọ̀wé ìjọ. Àwọn akọ̀wé wọ̀n wọ́n ní ọ́fíìsì ìjọ, bí kálukú ṣe ń ti ibi iṣẹ́ àti ọjà yà síbẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwọ̀n náà ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó gbà. Àbẹ̀ḿbí wo gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe tò sílẹ̀ nigínnigín, ó sì rò ó lọ́kàn pé ọkọ òun ì bá fẹ́ rí èyí.

*

Wọ́n kọ́kọ́ kó ọgọ́ta aṣọ lọ. Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá sí ìfòróróyàn, mọ́kànlélọ́gbọ̀n padà wá.

Gbogbo wọn ni ó gùn jù.

Alàgbà Akínbíyì pè lórí fóònù. Kò pariwo, ìyẹn ni ó sì dun Àbẹ̀ḿbí jù.

"Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń gé aṣọ yín báyìí. Ìyá kan wọ tirẹ̀ wá síbi ìdánrawò, ó tẹ etí aṣọ náà mọ́lẹ̀, díẹ̀ ló kù kó dojú bolẹ̀ níwájú pẹpẹ. Tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì tí ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀, a ó kó ìyókù fún télọ̀ kan ní Dùgbẹ̀."

"Ẹ fún mi di ọjọ́ Ẹtì náà, Alàgbà."

Ó ní kí Bàbá Àkànó gbé àlùmágàjí sílẹ̀, kí ó má gé aṣọ kankan mọ́. Nígbà tí Suhail fi máa ti Bódìjà dé, aṣọ funfun mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti wà lórí tábìlì, tí wọ́n ká lé ara wọn.

Suhail ṣí kọ̀ǹpútà. Àbẹ̀ḿbí fa àga sún mọ́ ọn.

"Bi í pé ta ló wọn àwọn tó padà wá."

Suhail tẹ̀ ẹ́. Ogún ni Bàbá Àkànó wọ̀n nínú ọgọ́ta tí wọ́n kó lọ. Kò sí ìkankan tó padà níbẹ̀. Àwọn akọ̀wé wọn ogójì, mọ́kànlélọ́gbọ̀n padà.

"Ẹ ò rí nǹkan," ni Bàbá Àkànó wí. "Ẹni tó ń ka ìfilọ̀ nínú ìjọ, kí ló kàn án kan téèpù?"

"Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n wọ̀n," ni Àbẹ̀ḿbí fèsì, "kí ló dé tí ọrùn fi bọ́ sí i? Kí ló dé tí apá fi bọ́ sí i? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wọ̀n yóò ṣì í gùn, yóò sì ṣì í kúrú. Kò sí èyí tó kúrú níbí."

Suhail wò ó bí ẹni tí ó ń tún ènìyàn wò.

"Pín in sí ọkùnrin àti obìnrin," ni Àbẹ̀ḿbí tún wí.

Suhail pín in. Aṣọ àwọn ọkùnrin fi íǹṣì kan gùn jù. Ti àwọn obìnrin fi méjì tàbí mẹ́ta gùn jù; ẹnì kan wà ní Mọ́níyà tí tirẹ̀ fi mẹ́rin gùn jù. Àwọn obìnrin díẹ̀ sì wà tí tiwọn kò fi nǹkan kan gùn jù.

"Ìjọ mọ́kànlá, akọ̀wé mọ́kànlá," ni Suhail wí. "Wọn ò lè máa ṣe àṣìṣe kan náà, mà. Àfi tó bá jẹ́ pé àwa la kọ́ wọn."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni oníbàárà kan wọlé, Tẹjúmọ́lá, tíṣà tí ó ń gbé lẹ́yìn Ring Road. Àmùrè àti sùtánà ni ó fẹ́ rán. Àbẹ̀ḿbí dìde láti kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó rò ó, ó padà jókòó.

"Bàbá Àkànó, ẹ wọ̀n wọ́n. Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ẹ má wò mí."

"Kí ni n ó wò yín fún?" Bàbá Àkànó fa téèpù kúrò lọ́rùn. Ó fi ẹsẹ̀ ti ẹní kékeré kan sí àárín ilé. "Aúńtí, ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ gorí ẹní."

Tẹjúmọ́lá bọ́ bàtà gogoro rẹ̀. Bí ó ti bọ́ ọ, ó rẹlẹ̀. Etí rẹ̀ tí ó bá ìṣó tí wọ́n fi kọ́ kàlẹ́ńdà dọ́gba tẹ́lẹ̀ wá sí abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bàbá Àkànó bẹ̀rẹ̀, ó na téèpù láti èjìká dé ilẹ̀, ó pe iye rẹ̀.

Àbẹ̀ḿbí dúró títí obìnrin náà fi lọ.

"Kí ló dé tí ẹ fi ní kí wọ́n bọ́ bàtà?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀gá olóògbé ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Kí ni wọ́n sọ pé ó fà á?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò bi wọ́n." Bàbá Àkànó wo àwọn méjèèjì bí ẹni pé orí wọn kò pé. "Ta ló ń wọ bàtà sí sùtánà?"

Suhail gbé ọwọ́ lé orí. Ọ́fíìsì ìjọ ni wọ́n ti wọn àwọn ènìyàn náà, lọ́jọ́ iṣẹ́, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Téèpù dé ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíga bàtà náà ti wọ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọn yóò wọ aṣọ, ẹsẹ̀ lásán ni wọn yóò fi tẹ ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi."

"Ṣé wọ́n máa ń sọ fún ìwọ náà lójoojúmọ́, kó o tó bọ́ bàtà lẹ́nu mọ́ṣáláṣí?"

Suhail kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àbẹ̀ḿbí kò rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìlélógún ni òun náà ti ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ìjọ. Níbẹ̀rẹ̀, ojú máa ń tì í, torí bàtà tí ó ń dán ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nílé wọn. Nígbà tí ó yá, ó gbàgbé pé òun ń bọ́ ọ. Òun náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń to ìbéèrè sórí ẹ̀rọ.

*

"Ẹ jẹ́ ká yọ íǹṣì kan fún ọkùnrin, méjì ààbọ̀ fún obìnrin," ni Suhail wí. "Yóò bọ́ sí i fún ọ̀pọ̀ nínú wọn."

"Òróró ò ní dà sórí ọ̀pọ̀, Suhail," ni Àbẹ̀ḿbí wí. "Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa kúnlẹ̀ gbà á."

"Kí gbogbo wọn wá síbí, kí n tún wọn wọ̀n," ni Bàbá Àkànó wí.

"Ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn máa gbà yín, Bàbá," ni Àbẹ̀ḿbí dá a lóhùn. "Ta ni yóò gé aṣọ?"

Àbẹ̀ḿbí mú fóònù rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni. Ìsìn àánú máa ń wà ní gbogbo ìjọ náà ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Gbogbo wọn yóò wà nínú sùtánà, bàtà wọn yóò wà níta. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó kà á fún wọn, Suhail sì fi í ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo àwọn méjìléláàádọ́fà lórí Wọ́sáàpù, tí orúkọ kálukú wà lókè rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Àwa ilé ìránṣọ Májẹ́kódùnmí ṣe àṣìṣe nínú gígùn aṣọ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú, kí ẹ tó wọ bàtà, kí akọ̀wé ìjọ yín wọn èjìká yín dé ilẹ̀. Ìwọ̀n kan ṣoṣo yẹn la fẹ́."

Ó pe Alàgbà Akínbíyì pẹ̀lú. Ó ní àṣìṣe òun ni, kì í ṣe ti àwọn akọ̀wé. Alàgbà ní òun yóò kéde rẹ̀ fúnra òun.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kò tíì lè gé aṣọ àwọn tí wọ́n ń dúró de ìwọ̀n wọn. Suhail tún ìbéèrè orí ẹ̀rọ tò, tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní gba ìwọ̀n kankan àyàfi tí wọ́n bá ti dáhùn pé ẹsẹ̀ lásán ni. Ó kà á sókè. Bàbá Àkànó ń ṣẹ́tí àwọn aṣọ tí ó padà wá.

"Kọ òmíràn," ni ó wí lójijì. "Ẹni tó bá yọkùn, kí wọ́n wọn iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ikùn yóò gbé iwájú aṣọ sókè."

Suhail kọ ọ́.

"Wòlíì tó máa ń nawọ́ súre, fi íǹṣì méjì kún abíyá rẹ̀. Àwọn tó ń ru nǹkan, èjìká kan máa ń rẹlẹ̀. Wọ̀n ọ́n lọ́tùn-ún, wọ̀n ọ́n lósì. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, bi í léèrè oṣù ọmọ rẹ̀."

Ó ń pè é, Suhail ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Adéyẹmọ ni, bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, títí kan ibi tí ó ti máa ń dánu dúró. Àbẹ̀ḿbí bọ́ sẹ́yìn àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ó ti rò pé iṣẹ́ ọkọ òun kò ṣẹ́kù. Ó ṣẹ́kù, lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò bi léèrè. Nígbà tí ó padà jáde, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí Bàbá Àkànó tún ti àwọn tí ń ru nǹkan pè, torí Suhail kò gbọ́ ọ dáadáa.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ní Ọjọ́rú ni ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Agbowó ni ó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà Apáta. Ti obìnrin Mọ́níyà wọlé, ó fi íǹṣì mẹ́rin dín sí ti tẹ́lẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, mọ́kàndínláàádọ́fà ti pé. Bàbá Àkànó gun ọ̀kadà lọ bá àwọn méjì tí ara wọn kò yá nílé wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó kù wà ní Èkó. Ọmọ rẹ̀ na téèpù sí i lára, ó sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́.

Bàbá Àkànó wo fídíò náà dé òpin. "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n wọ̀n," ni ó wí, ó sì mú àlùmágàjí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Alàgbà Akínbíyì wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́wàá. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ aṣọ. Alàgbà yí ẹnì kọ̀ọ̀kan ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ wo etí aṣọ wọn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Nígbà tí ó parí, ó ní kí wọ́n máa rán ìyókù lọ.

Lọ́jọ́ ìfòróróyàn, ẹ̀yìn ìjọ ni Àbẹ̀ḿbí jókòó sí. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ni ó ń wò. Wọ́n ń wọlé ní méjì-méjì, aṣọ wọn ń mì ní ọrùn ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi ọwọ́ gbé aṣọ sókè láti rìn. Obìnrin Mọ́níyà gun àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ó lọ síwájú pẹpẹ, ó kúnlẹ̀, ó gba òróró, ó sì dìde láìwo ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Akínbíyì wá bá a ní àgbàlá.

"Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà ni lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ará Òṣogbo pàápàá ń béèrè yín; igba ènìyàn ni tiwọn. Ṣé apá yín á ká a?"

"Á ká a," ni Àbẹ̀ḿbí wí. "Ẹ ní kí wọ́n pè wá lọ́la. Aago mẹ́jọ la máa ń ṣí."